Oṣù Lé, Òkun Kún: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìmọ̀ Àwọn Baba Wa Parun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kí ó tún un ṣe." Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti dúró wo òṣùpá dáadáa kí ó tó la ẹnu. Ó ti rí i pé oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kì í nàró. Ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi tí ẹrù inú rẹ̀ kò dọ́gba. Lónìí, ènìyàn mélòó nínú wa ni ó ń gbé ojú sókè wo bí òṣùpá ti rí kí ó tó wọlé lọ sùn? A ṣì ń pa òwe náà, ṣùgbọ́n a kò wo ohun tí òwe náà ń sọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́ àti eré òṣùpá nìkan. Ó kan ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, ọdún 2012, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a fi wé ara wọn. Èkíní ni pé òkun ru, ó ya wọ etíkun Kúrámò ní Victoria Island ní Èkó, ó gbá ibùgbé àwọn tí ń gbé orí iyanrìn níbẹ̀ lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Èkejì ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Nàìjíríà kọ ojú sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ń wá oṣù tuntun tí yóò fi òpin sí ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19, ni wọ́n ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìròyìn méjèèjì, wọ́n sì gbà pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dàgbà sí etí òkun mọ̀ pé oṣù tí a ń wá lókè àti omi tí ó ń kún nísàlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ìbátan tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Oṣù ni a fi ń ka ọjọ́

Ní èdè wa, ohun tí ó ń tàn lójú ọ̀run àti iye ọjọ́ tí ó fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Lóòótọ́, òṣùpá ni a sábà máa ń pe ìmọ́lẹ̀ náà nígbà tí ó bá ti gbilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, "oṣù lé" ni a máa ń wí. Aláboyún ń ka oṣù mẹ́sàn-án. Obìnrin ń rí nǹkan oṣù rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń retí owó oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń gba owó oṣù lónìí kì í wo oṣù, kàlẹ́ńdà ara ògiri ni ó ń wò. Bí owó náà kò bá tètè dé, yóò sọ pé oṣù yìí mà gùn o, bẹ́ẹ̀ oṣù tòótọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Báwo ni oṣù ti gùn tó? Láti ìgbà tí oòrùn àti òṣùpá bá pàdé títí di ìgbà tí wọn yóò tún pàdé, bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ìdọ́gba, ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44 ni. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi ojú wá oṣù fi máa ń ka ọjọ́ 29 nígbà kan, tí wọ́n sì máa ń ka 30 nígbà mìíràn. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa ọlọ́jọ́ mẹ́rin kà á, ọ̀sẹ̀ méje jẹ́ ọjọ́ 28. Oṣù ojú ọ̀run fi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ lé e. Oṣù 12 ti òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún ti oòrùn. Ohun tí ó mú kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ máa tètè dé sí i lọ́dọọdún nìyẹn. Ní ọdún 2012, ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ni. Ní ọdún 2013, ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ni.

Àwọn Onígbàgbọ́ pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ òṣùpá. Ọdún Kérésìmesì ní ọjọ́ tirẹ̀ tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún Àjíǹde kò ní. Ọjọ́ Àìkú tí ó bá tẹ̀lé òṣùpá kíkún tí ó bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ Àjíǹde. Ní ọdún 2024, òṣùpá kún ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, wọ́n sì ṣe Àjíǹde ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìkà oṣù jẹ́ àṣà àwọn aláìmọ̀wé tí ayé ti fi sílẹ̀. Mùsùlùmí ń lò ó, Onígbàgbọ́ ń lò ó, oníṣẹ̀ṣe ń lò ó. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé a fi ìkà náà sílẹ̀ fún àwọn aṣáájú ìsìn, àwa fúnra wa kò gbé ojú sókè mọ́.

Oṣù kan ní etíkun Àgbádárìgì

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú lọ sí Àgbádárìgì. Kí a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fù, kí a sì rìn láàárín àwọn igi àgbọn títí a ó fi já sí etí òkun ńlá. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí òkè òkun. Iyanrìn ibẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí ó bá kọ ojú sí òkun níbẹ̀, gúúsù ni ó kọ ojú sí. Èkó wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, Kútọnu wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nítorí náà, oòrùn àti òṣùpá kì í ti ọ̀kánkán òkun yọ síni níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń yọ, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wọ̀ sí. Kò sí òkè, kò sí ilé gogoro tí ó dí ojú ẹni. Ibi tí ó dára púpọ̀ láti kọ́ ìwà òṣùpá ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú oṣù tí a ti mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òṣùpá bọ́ sí ìhà ibi tí oòrùn wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn ń tàn sí, ojú tí ó kọ sí wa ṣókùnkùn. Òun àti oòrùn jọ yọ, wọ́n jọ rìn, wọ́n sì jọ wọ̀. Kò sí ẹni tí ó rí i. Alẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ alẹ́ òkùnkùn biribiri.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 18, òṣùpá ti fi díẹ̀ sẹ́yìn oòrùn. Nígbà tí oòrùn wọ̀ ní nǹkan bí aago méje, oṣù tuntun wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run ní ọwọ́ ọ̀tún, ó tín-ín-rín bí èékánná tí a gé sọnù. Kò pé wákàtí kan tí òun náà fi wọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò wò, tàbí tí ìkùukùu bá dí lójú, kò ní rí i. Ìdí nìyí tí ìjíròrò fi máa ń wà lórí oṣù ààwẹ̀ lọ́dọọdún, tí àwọn kan yóò ní àwọn rí i, tí àwọn mìíràn yóò sì ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà lọ, ìlànà kan ni òṣùpá ń tẹ̀ lé. Lójoojúmọ́, ó ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná lọ kí ó tó yọ àti kí ó tó wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 50 ìṣẹ́jú yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ omi.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 24, òṣùpá ti di ìlàjì. Ọ̀sán gangan ni ó yọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lè wà lójú ọ̀run. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti wà lókè orí. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí òru ọ̀gànjọ́, ó ti wọ̀.

Ọjọ́ 31 ni òṣùpá kún. Ohun tí ẹni tí ó bá wà ní Gbẹ̀rẹ̀fù ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rí, bí ìkùukùu kò bá sí, kì í tètè kúrò lọ́kàn. Bí oòrùn ti ń rì lọ́wọ́ ọ̀tún ni òṣùpá ń jáde lọ́wọ́ òsì, ó tóbi lójú, ó sì pọ́n bí epo, ènìyàn yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì lórí iyanrìn. Láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni yóò fi wà lókè. Nígbà tí oòrùn bá tún yọ lọ́wọ́ òsì ni òṣùpá yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn baba wa kò fi ẹnu lásán pe irú rẹ̀ ní òṣùpá àrànmọ́jú. Òṣùpá tí ó jẹ́ ìlàjì kò lè ràn mọ́jú, àfi èyí tí ó bá kún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ àti òṣùpá wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó ń pẹ́ kí ó tó yọ, àwọn ọmọdé ti sùn kí ó tó jáde. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, ó tún di ìlàjì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí òru ọ̀gànjọ́ ni ó ń yọ, ọ̀sán ni ó sì ń wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ sí ilé ìwé láàárọ̀ lè rí i lókè orí rẹ̀, ó funfun bí ẹfun. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ìlà-oòrùn, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn apẹja tí ń ti ọkọ̀ wọn sójú omi, aládùúrà tí ó jí ní kùtùkùtù àti ẹni tí ń pe ìrun òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ó tún bọ́ sí ìhà oòrùn. Oṣù náà parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí a fi kún un. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe ojú kan náà ni òṣùpá kíkún ti ń yọ jálẹ̀ ọdún. Ní oṣù Kejìlá, nígbà ọyẹ́, oòrùn a máa wọ̀ sí apá òkun, òṣùpá kíkún a sì máa yọ láti apá ilẹ̀, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Ní oṣù Kẹfà, ó yí padà: oòrùn a máa wọ̀ sí apá ilẹ̀, òṣùpá kíkún a sì máa yọ lójú òkun, bí ìkùukùu òjò bá gbà á láyè.

Lẹ́ẹ̀kejì, a padà sórí òwe wa. Ilẹ̀ wa kò jìnnà sí agbedeméjì ayé. Nítorí náà, oṣù tuntun kì í dúró lórí ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa bí wọ́n ti ń yà á nínú ìwé àwọn òyìnbó; ẹ̀yìn ni ó máa ń fi lélẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù Kẹta, ikùn rẹ̀ a fì díẹ̀ sí ọwọ́ òsì ẹni tí ó ń wò ó. Ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án, a fì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, àti ní apá ìparí ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja bí ọkọ̀ ojú omi. Òótọ́ ni àwọn tí ó sọ pé kò gún sọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé kò ṣẹ̀ sí òfin tirẹ̀.

Ohun tí òṣùpá ń ṣe sí omi òkun

Òkun a máa kún, a sì máa fà. Ní etíkun wa, láti Ìlàjẹ dé Èkó, láti Èkó dé Àgbádárìgì àti kọjá lọ sí ilẹ̀ Benin, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ń fà láàárín wákàtí 24 àti 50 ìṣẹ́jú. Àádọ́ta ìṣẹ́jú náà tún nìyí! Bí omi bá kún ní aago mẹ́fà àárọ̀ òní, yóò tó nǹkan bí aago méje kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó kún láàárọ̀ ọ̀la. Bí òṣùpá ti ń pẹ́ lójoojúmọ́ ni omi náà ń pẹ́. Ìránṣẹ́ kì í ṣáájú ọ̀gá rẹ̀.

Ohun tí ó fa èyí ni òòfà. Òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bí 384,400 kìlómítà, síbẹ̀ òòfà rẹ̀ ń fa omi òkun. Oòrùn náà ń fà á, ṣùgbọ́n nítorí pé oòrùn jìnnà púpọ̀púpọ̀, agbára tirẹ̀ lórí ìkún omi kò tó ìdajì ti òṣùpá. Nígbà tí oṣù bá wọ òkùnkùn, àti nígbà tí òṣùpá bá kún, oòrùn, òṣùpá àti ayé a wà lórí ìlà kan. Àwọn méjèèjì a pa agbára pọ̀, omi a sì kún kọjá bí ó ti yẹ, a tún fà sẹ́yìn kọjá bí ó ti yẹ. Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà ni ìkún ńlá yìí sábà máa ń dé góńgó. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìlàjì, oòrùn ń fà síhìn-ín, òṣùpá ń fà sọ́hùn-ún, omi kì í kún púpọ̀, kì í sì í fà púpọ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìkún ńlá ń wáyé nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì ń wo òṣùpá mọ ọjọ́ tí yóò bọ́ sí.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ìkún omi a máa ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí mítà kan péré ni ó máa ń wà láàárín ìgbà tí omi bá kún àti ìgbà tí ó bá fà. Mítà kan kéré lójú ẹni tí ń gbé orí òkè Ìdànrè. Kò kéré lójú ẹni tí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kọ sí òkun, pàápàá ní ọjọ́ tí ìgbì bá ń ru.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Kúrámò. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ni oṣù wọ òkùnkùn. Ọjọ́ 18 ni òkun gbá ènìyàn lọ. Ọjọ́ ìkún ńlá ni. A kò sọ pé òṣùpá nìkan ni ó pa wọ́n. Àkókò náà jẹ́ àkókò tí ìjì ńláńlá tí ń jà ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí òtútù gbé ń mú nígbà náà, a máa rán ìgbì gíga wá sí etíkun wa láti ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, òkun sì ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. A kò sì fi ẹ̀bi kan àwọn tí ó kú. Ibi tí wọ́n rí ni wọ́n gbé. Ohun tí a ń sọ ni pé ìgbì gíga tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ òṣùpá ìlàjì, iyanrìn lè dá a dúró. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ìkún ńlá, ó ti rí àkàbà gùn wọlé. Ọjọ́ ìkún ńlá kì í sì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ojú ọ̀run ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó mú wa gbàgbé ìmọ́lẹ̀

Nígbà kan, kò sí abúlé tí òṣùpá yóò ti ràn tí ariwo ọmọdé kò ní sọ níbẹ̀. Àwọn kan yóò máa ṣe bojúbojú, àwọn kan yóò máa ṣe ẹkùn-mẹ́ran, àwọn kan yóò pagbo yí ìyá àgbà ká láti gbọ́ àlọ́. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ òṣùpá, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ọjọ́ tí yóò tètè yọ àti ọjọ́ tí kò ní yọ rárá, nítorí eré rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Nígbà tí iná mànàmáná dé, tí tẹlifíṣọ̀n dé, tí fóònù alágbèéká sì gba gbogbo ọwọ́, eré náà kásẹ̀ nílẹ̀, ìmọ̀ náà sì bá a lọ.

Àwọn apẹja kò lè gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń fi àtùpà pe ẹja lóru mọ̀ pé àtùpà òun kò lè bá òṣùpá àrànmọ́jú díje. Alẹ́ òkùnkùn ni ẹja ń wá sí ìmọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí ó ti fẹ́ òkùnkùn tó, kì í bú òṣùpá, nítorí òun ni ó ń sọ wákàtí tí omi yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde fún un. Àwọn àgbà náà ti ní kí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ òkùnkùn má dá òṣùpá lóró.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni iná ìlú ń ṣì lọ́nà. Ìjàpá òkun a máa gun orí iyanrìn wá yé ẹyin rẹ̀ lóru. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pa, ibi tí ojú ọ̀run bá ti mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń kọ ojú sí, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ojú òkun ni ó máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ lóru. Ní etíkun tí iná mànàmáná bá wà, wọn a ṣi ọ̀nà, wọn a kọ ẹ̀yìn sí òkun, wọn a sì kú sórí ilẹ̀. Kí ọlọ́gbọ́n fi èyí ṣe àròjinlẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní ni ọ̀tá àṣà yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, nígbà tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin gúnlẹ̀ sínú òṣùpá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 17 ni ní ilẹ̀ wa. Oṣù náà kò tíì di ìlàjì, ó sì wà lójú ọ̀run wa ní apá ìwọ̀-oòrùn ní wákàtí náà gan-an. Àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́ ti ka ọjọ́ orí oṣù kí wọ́n tó yan ọjọ́ náà, kí oòrùn lè wà ní ibi tí ó yẹ fún àwọn tí ń wá ibi gúnlẹ̀ sí. Bí àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá bá nílò ìkà oṣù, ta ni àwa tí a óò sọ pé a ti kọjá rẹ̀?

Ayétòrò ń pe àkíyèsí wa

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Àgbádárìgì, kí a gba ojú omi lọ sí ìlà-oòrùn títí dé Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1947 ni Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sí etí òkun. Òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé àwọn ará ìlú jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń jẹ èrè rẹ̀. Níbẹ̀, etíkun kọ ojú sí ààrin gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà, òṣùpá ń yọ láti apá irà, inú òkun ni ó sì ń wọ̀ sí.

Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà Ayétòrò. Àwọn kan ti kọ́ ilé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti sún sẹ́yìn, òkun sì tún ti lé wọn bá. Ẹrẹ̀ ni etíkun wọn, kì í ṣe iyanrìn líle, ilẹ̀ náà sì rẹlẹ̀ gidigidi. Bákan náà ni omi òkun ń ga sí i káàkiri àgbáyé nítorí ooru tí ń pọ̀ sí i. Nínú ipò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìkún ńlá kò ní jẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn yóò sùn fọnfọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Òṣùpá kò yí padà. Bí ó ti ń yọ ní ọdún 1947 náà ni ó ń yọ lónìí. Bí ó ti ń fa omi nígbà náà ni ó ń fà á nísinsìnyí. Ilẹ̀ àti òkun ni wọ́n yí padà. Nítorí náà, ìmọ̀ òṣùpá kò lè dípò ògiri tí yóò dá omi dúró. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é. Ohun tí ìmọ̀ náà lè ṣe ni pé kí ó sọ fún ìyá ọlọ́mọ alẹ́ tí kò yẹ kí ó tẹ́ ẹní ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ omi, kí ó sì sọ fún apẹja alẹ́ tí ó yẹ kí ó fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè sí i. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ àgbà

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, iṣẹ́ kan wà tí kò ná ilé ìwé ní owó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan, kí ó fa ìlà 30 sínú rẹ̀. Láti alẹ́ tí oṣù bá ti lé, kí ó máa kọ ọjọ́, wákàtí tí ó rí òṣùpá, apá ibi tí ó wà, kí ó sì ya àwòrán bí ó ti rí. Bí ìkùukùu bá dí i, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilé ìwé tí ó wà ní etí òkun, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àgbàlagbà tí yóò máa ṣọ́ wọn, ri èèkàn mọ́ ibi tí omi gùn dé lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, kí wọ́n fi èèkàn wé ìwé. Wọn yóò fi ojú ara wọn rí ohun tí a ń sọ, kò sì ní kúrò lórí wọn títí ayé.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá wá kí bàbá àgbà lálẹ́, ó lè gbọ́ ìbéèrè pé, "Ọmọ mi, oṣù di mélòó lónìí?" Bí ọmọ náà bá dáhùn pé, "Bàbá, ó di méje," bàbá lè tún bi í pé, "Ṣé ó ti tó ìdajì?" Ọmọ yóò jáde lọ wò ó, yóò sì padà wá jíṣẹ́. Ìbéèrè méjì péré ni, wọ́n sì tó ìwé kan. Ẹ bi ọmọ yín ní alẹ́ òní. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ jọ jáde sí ìta.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá bi yín. Fóònù ọwọ́ yín lè sọ wákàtí tí òṣùpá yóò yọ fún yín. Ó dára, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti sọ ọ́ tán, ẹ jáde lọ wò ó bóyá òótọ́ ni.

Oṣù tí ń bọ̀ yóò lé, yálà a wò ó tàbí a kò wò ó. Òkun yóò sì kún tẹ̀lé e. Wọ́n ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé òṣùpá kò gún, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o láti tún un ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà nínú ilé wa, ọwọ́ wa tó o.